Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n: Ọmọ mi ń fò dáadáa, kí ló dé tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ò tíì pè é?

Ìbéèrè:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston níbí là ń gbé. Ọmọkùnrin mi ti pé ọmọ ọdún 16, kíláàsì 11 ló wà ní háísíkúù, fọ́wáàdì (ọ̀kan lára àwọn tó ga tó sábà máa ń gbá sún mọ́ nẹ́ẹ̀tì) ni nínú básíkẹ́ẹ̀tì, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 6, ó sì ń fò débi pé tó bá ti dọ́ǹkì báyìí, tó fò tó sì fọwọ́ ki bọ́ọ̀lù bọ inú nẹ́ẹ̀tì látòkè, gbogbo họ́ọ̀lù ló máa ń dìde. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tí ò lè fò tó o ti ń gba lẹ́tà láti yunifásítì, tiẹ̀ ò tíì dé. Dádì ẹ̀ ní ìwé ni kó gbájú mọ́. Ọkùnrin kan sì ti wá bá wa pé òun á bá wa fi ọmọ náà han àwọn kóòṣì, ká ṣáà ti san owó. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń wò lára ọmọ gan-an, kí la sì máa ṣe?
– Màmá Eléré, Houston

Ìdáhùn:
Màmá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jèrè ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó le jù. Fífò yẹn dáa, ẹ̀bùn ni, kò sí kóòṣì tí ò fẹ́ ọmọ tó lè fò, àmọ́ kò wọ́n. Tí ẹ bá dé North Augusta ní South Carolina lóṣù keje, níbi Peach Jam, ìdíje àwọn ọmọ háísíkúù tí Nike máa ń ṣe, tí àwọn kóòṣì kọ́lẹ́ẹ̀jì máa ń jókòó yí kóòtù ká, gbogbo fọ́wáàdì tó wà níbẹ̀ ló ń fò. Ohun tí kóòṣì ń wá ni ohun tí ọmọ ń ṣe nígbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá wà nílẹ̀, torí ilẹ̀ yẹn náà ló máa wà fún ọ̀pọ̀ jù nínú eré.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ̀kan tí ẹ lè máa wò fúnra yín. Tí ẹnì kan bá ju bọ́ọ̀lù tí kò wọlé, ẹ má wo bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ ọmọ yín ni kí ẹ wò. Á fò lẹ́ẹ̀kíní, ìka ẹ̀ á kan bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù á yọ̀ bọ́, òun náà á balẹ̀. Wàyí o, ṣé ó tún ti wà lókè kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó tẹ orúnkún, àbí ó balẹ̀, ó ju ọwọ́ sílẹ̀, ó ń kó ara jọ kó tó tún gbéra? Fífò ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn ni wọ́n ń wò. Wọ́n tún ń wò ó bóyá ẹsẹ̀ kan ló fi ń fò tàbí méjèèjì, torí ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń dọ́ǹkì tí gbogbo èèyàn ń pariwo lé lórí, ọ̀nà jíjìn ló ti máa ń sáré bọ̀ kó tó fi ẹsẹ̀ kan ta lókè, tí wọ́n bá wá há a mọ́ abẹ́ nẹ́ẹ̀tì láàárín èèyàn méjì tó ṣígbọnlẹ̀, kò ní lè gbéra mọ́. Ọmọ tó lè dúró lójú kan láàárín èrò kó fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbéra, orúkọ tiẹ̀ ni kóòṣì máa kọ sílẹ̀.

Gíga ẹ̀ ńkọ́? Ní háísíkúù ó ga, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló ga jù nínú tíìmù ẹ̀, tí wọ́n fi gbé e sí abẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Láwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ńlá, àwọn tó ń dúró síbẹ̀ yẹn ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 9 tàbí 10, ara wọn sì ti gbó. Fọ́wáàdì tó bá ga tó tiẹ̀ gbọ́dọ̀ lè jáde síta, kó ṣọ́ àwọn gáàdì (àwọn tó kéré jù, tó máa ń gbé bọ́ọ̀lù lọ síwájú) tó yára, kó máa gbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ lọ́tùn-ún lósì láìwo ilẹ̀. Tí kóòṣì iléèwé ẹ̀ ò bá fẹ́ gbé e kúrò lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì torí pé ó fẹ́ jáwé olúborí, ẹ wá tíìmù ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó máa jẹ́ kó gbá a níta. Kí ẹ sì wọn ọmọ náà láìwọ bàtà, kí ẹ wá ní kó na apá méjèèjì kí ẹ wọn ọ́n láti orí ìka kan dé èkejì, torí apá tó bá gùn dáadáa ju gíga lọ máa ń jẹ́ kí kóòṣì gbójú fo íǹṣì tó kù. Ẹ ti gbọ́ orúkọ Bam Adebayo tí bàbá ẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tó ṣe ọdún kan ní yunifásítì Kentucky kí Miami Heat, ọ̀kan lára àwọn tíìmù NBA, tó mú un lọ́dún 2017. Ohun tí wọ́n ń yìn ín fún jù ni pé ó lè ṣọ́ ẹnikẹ́ni, àtorí gáàdì kékeré dórí òmìrán abẹ́ nẹ́ẹ̀tì.

Ó kan jíju bọ́ọ̀lù. Ìlà three-point (ẹni tó bá dúró sẹ́yìn ẹ̀ ju bọ́ọ̀lù wọlé máa gba póìǹtì mẹ́ta) ti háísíkúù jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 19 àti íǹṣì 9, ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ọkùnrin ti lé ní ẹsẹ̀ bàtà 22, nítorí náà ọmọ tó ń jù ú wọlé níbí lè máa jù ú lu irin lọ́hùn-ún. Kóòṣì tó gbọ́n kì í wo three nìkan, free throw, ìyẹn jíjù ọ̀fẹ́ tí wọ́n máa ń fún ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀, ló máa ń wò, torí níbẹ̀ ẹnikẹ́ni ò dí i lọ́wọ́, ọwọ́ ẹ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Tó bá ń ju 10 tí 5 ń wọlé, iṣẹ́ wà níbẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ tó ṣeé ṣe ni. Ẹ wo Victor Oladipo tó jáde ní háísíkúù DeMatha ní Maryland. Fífò àti ṣíṣọ́ èèyàn ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ nígbà tó dé yunifásítì Indiana. Lọ́dún ẹ̀ kejì níbẹ̀, three ẹ̀ tó ń wọlé ò ju nǹkan bí 21 nínú 100 lọ, lọ́dún kẹta ó di 44, nígbà tó sì di 2013 òun ni wọ́n mú ṣìkejì nínú gbogbo àwọn tó fẹ́ wọ NBA. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí ọmọ yẹn, torí fífò ẹ̀ ò lọ síbì kankan, ó kàn fi iṣẹ́ kún un ni.

Ìwà náà wà ńbẹ̀. Kóòṣì á tètè dé, á wo bó ṣe ń múra eré, á wo ojú ẹ̀ tí wọ́n bá yọ ọ́ jáde lọ jókòó, á wo bóyá ó sáré padà sẹ́yìn lẹ́yìn tó ṣàṣìṣe. Ẹ bá a sọ ọ́ nílé.

Ní ti lẹ́tà àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, ẹ má jẹ́ kó gbé yín lọ́kàn sókè. Lẹ́tà kì í ṣe sikọ́láṣíìpù, òmíràn nínú ẹ̀ kàn ń pe ọmọ wá san owó káǹpù ni. Láti June 15 lẹ́yìn kíláàsì 10 ni òfin ti gba kóòṣì Division I, ìpele tó ga jù nínú eré kọ́lẹ́ẹ̀jì, láyè láti pe ọmọ fúnra ẹ̀, nítorí náà ìpè orí fóònù ló ṣe pàtàkì. Kí ẹ sì mọ̀ pé ayé ti yí padà: láti 2021 tí agbábọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì ti lè kúrò ní yunifásítì kan bọ́ sí òmíràn láìjókòó ọdún kan, ọ̀pọ̀ kóòṣì ló fẹ́ràn ọmọ ọdún 22 tó ti gbó ju ọmọ ọdún 18 lọ, àyè tó kù fáwọn ọmọ háísíkúù sì ti dín kù gan-an. Ó ń dùn mí, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi gbọ́dọ̀ fojú pa Division II tó tẹ̀ lé e, NAIA (àjọ míì tó jẹ́ ti àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kéékèèké) àti JUCO (kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì) rẹ́. Division III ò ń fún eléré ní sikọ́láṣíìpù torí eré, àmọ́ wọ́n lè fún un ní owó ìrànwọ́ torí ìwé ẹ̀ tàbí torí bí agbára yín ṣe mọ.

Dádì ẹ̀ tọ̀nà o, ẹ bá mi kí wọn. NCAA, àjọ tó ń darí eré kọ́lẹ́ẹ̀jì, ń béèrè kọ́ọ̀sì 16 ní háísíkúù tí wọ́n ń pè ní core course, èsì gbogbo ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ju 2.3 nínú 4.0 lọ kó tó lè gbá bọ́ọ̀lù Division I lọ́dún àkọ́kọ́. 10 nínú ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti parí kó tó wọ kíláàsì 12, 7 nínú 10 yẹn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ English, ìṣirò tàbí sáyẹ́ǹsì, tí kíláàsì 12 bá sì ti bẹ̀rẹ̀, èsì yẹn ti di títì pa, kò ṣeé tún ṣe mọ́. Kíláàsì 11 lọmọ yín wà, àsìkò ẹ̀ rèé! Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ lọ bá counselor (olùdámọ̀ràn) iléèwé ẹ̀, kí ẹ ka kọ́ọ̀sì náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọkùnrin tó ń béèrè owó yẹn, ẹ má dá a lóhùn. Ẹni tó bá ní òun á gba ìdá kan nínú sikọ́láṣíìpù, ìyẹn lè ba ẹ̀tọ́ ọmọ jẹ́ pátápátá lọ́dọ̀ NCAA. Ohun tó fẹ́ ṣe, ẹ lè ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ gba fídíò eré méjì odindi sílẹ̀, látìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí kóòṣì fẹ́ rí bó ṣe ń ṣọ́ èèyàn àti ibi tó ti ń kùnà, fídíò dọ́ǹkì nìkan ò sọ nǹkan kan fún un. Kí ọmọ náà fúnra ẹ̀ kọ ímeèlì sí àwọn igbákejì kóòṣì, kó fi fídíò, èsì ìwé, gíga tòótọ́, nọ́ńbà ẹ̀yìn ẹ̀wù ẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n máa gbá eré sí i. Kó kọ ọ́ sí iléèwé kéékèèké náà.

Ìbéèrè:
Ẹ̀gbọ́n wa, Ìbàdàn ni mo ti ń kọ̀wé. Àbúrò mi ga gan-an, ọmọ ọdún 17 ni, kò tíì ju ọdún kan lọ tó bẹ̀rẹ̀ básíkẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan ní òun á mú un lọ sí háísíkúù ní Amẹ́ríkà. Ṣé ọjọ́ orí ẹ̀ ò ti lọ?
– Ẹ̀gbọ́n Ọmọ, Ìbàdàn

Ìdáhùn:
Pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kọ́ ni ìṣòro. Hakeem Olajuwon, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti handball ló ń gbá l'Ékòó, ó ti di ọ̀dọ́langba kó tó fọwọ́ kan básíkẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ ó dé University of Houston lọ́dún 1980, lọ́dún 1984 òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú gbogbo àwọn tó fẹ́ wọ NBA. Ìwé ìrìnnà ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ọmọ tó bá lo físà F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́, ò lè ju oṣù 12 lọ ní háísíkúù ìjọba, ó sì gbọ́dọ̀ san owó iléèwé náà pé, nítorí náà háísíkúù àdáni ni wọ́n sábà máa ń mú wọn lọ. Ẹ béèrè orúkọ iléèwé náà, ẹ pè é fúnra yín, ẹ béèrè ẹni tó máa san owó ọdún kejì, ibi tí ọmọ máa sùn, àti ẹni tó máa ra tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ tí nǹkan ò bá lọ bó ṣe yẹ. Tí onítọ̀hún ò bá lè fi ìwé I-20 tí iléèwé fọwọ́ sí, èyí tí wọ́n fi ń gba físà náà, hàn yín, ẹ má fún un ní pásípọ́ọ̀tù ọmọ. Kí ọmọ sì ṣe WAEC ẹ̀ dáadáa kó tó kúrò, èsì yẹn ni NCAA máa béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.