Èèyàn mẹ́rin ni, àbí ẹnì kan ṣoṣo?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi, Leeds là ń gbé. Ọmọ mi Tòmíwá, ọmọ ọdún 15, lo họ́lídé lọ́dọ̀ ìyá mi ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn. Ibẹ̀ ló ti mọ ọmọkùnrin aládùúgbò kan. Àtìgbà tó ti dé, WhatsApp ò jẹ́ kó sùn. Àbúrò rẹ̀ ló ta mí lólobó: ọmọ yẹn fi í mọ ọmọbìnrin kan tó ní ọmọ sójà lòun, bárékè Òdogbo làwọn ń gbé. Ọmọbìnrin fi í mọ àǹtí kan, àǹtí fi í mọ "ọ̀gá" kan tó ní ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lòun. Ọ̀gá yìí ní iṣẹ́ kan wà tóun fẹ́ rán an, kò sì gbọdọ̀ sọ fún wa. Yàtọ̀ sí ọmọ àdúgbò, ìyá mi ò rí ìkankan nínú wọn rí. Tòmíwá wá ní dandan, òun á padà sí Ìbàdàn lóṣù Kejìlá. Ṣé kí n gba fóònù ni? Ṣé kí n jẹ́ kó lọ?

Ìdáhùn: Mọ́mì Tòmíwá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ má tíì gba fóònù o.

Lọ́dún 2003, ní Altrincham, nítòsí Manchester tí èmi ń gbé, ọmọ ọdún 14 kan jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó hùmọ̀ oríṣiríṣi èèyàn tí kò sí, títí kan obìnrin kan tó ní òun ń ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba. Gbogbo wọn ló ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ ọdún 16, sọ̀rọ̀. Ìgbà tó yá, obìnrin yìí ní kí ọ̀rẹ́ náà pa ẹnì kan. Ẹni tó ní kó pa gan-an ni ẹni tó ń tẹ ọ̀rọ̀ náà! Ọ̀rẹ́ fi ọ̀bẹ gún un. Ọlọ́run ló yọ ọ́, kò kú. Nílé ẹjọ́ lọ́dún 2004, àwọn méjèèjì gbà pé àwọn jẹ̀bi, wọn ò sì rán ìkankan lẹ́wọ̀n.

Kí ọlọ́pàá tó mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń tẹ gbogbo rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà ọ̀rọ̀ ni wọ́n kà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo "èèyàn" yẹn ń kọ ní àṣìkọ, bákan náà.

Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Fọ́tò ò ṣeé gbára lé, ohùn pàápàá wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ṣe é. Tẹ́ ẹ bá sì bi "ọmọ sójà" pé ibo ni wọ́n ti ń wọ Micra lọ sí Bódìjà, á dáhùn, torí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lè jẹ́ ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé. Ta ló ń fi "abi" parí gbogbo gbólóhùn? Bí NEPA bá mú iná ní Òkè-Àdó, tí fóònù ọmọ àdúgbò kú, ṣé àǹtí àti ọ̀gá náà máa ń dákẹ́?

Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ náà pamọ́, ẹ má jẹ́ kó pa nǹkan kan rẹ́. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ jọ kà á. Kó jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló máa rí i. Á bínú, àmọ́ kì í ṣe sí yín.

Ní ti ọ̀gá, ìjọba wo ló ń gba ọmọ ọdún 15 síṣẹ́ lórí WhatsApp? Bó bá ti ní kó ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, tàbí kó fi fọ́tò ìhòòhò ránṣẹ́, ẹ pe ọlọ́pàá níbí lọ́jọ́ náà. Ti fọ́tò, ẹ fi tó CEOP létí pẹ̀lú, àjọ ìjọba níbí tó ń gbógun ti àwọn tó ń fi íńtánẹ́ẹ̀tì bá ọmọdé ṣèṣekúṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì rán ọlọ́pàá sí ọmọ àdúgbò. Ó lè jẹ́ òun ló ń tẹ̀ ẹ́. Ó sì lè jẹ́ àgbàlagbà kan ló ń lo òun náà. Kí màmá yín lọ kí ìyá rẹ̀ nílé, kí wọ́n fọgbọ́n bi í ohun tí ọmọ ń fi fóònù ṣe lóru.

Tíkẹ́ẹ̀tì oṣù Kejìlá, ẹ má rà á títí tẹ́ ẹ fi mọ iṣẹ́ tí ọ̀gá fẹ́ rán an n'Ìbàdàn.

Bàbá Ìbejì, Manchester