Ọdún Tó Wà Lára Ìgò Cognac

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo ra ìgò Martell kan, ọtí cognac tí wọ́n ń fi àjàrà sè, tí wọ́n kọ 1715 sí lára. Ẹni tó tà á fún mi ní ọtí náà ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún, pé bí mo bá ṣe ń tọ́jú rẹ̀ pẹ́ tó ni yóò ṣe máa dára tó. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kí n tẹ́ ẹ sílẹ̀ bíi wáìnì?

ÌDÁHÙN: Irọ́ ni wọ́n pa fún yín. Ọdún 1715 ni Jean Martell, ọmọ erékùṣù Jersey, dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ nílùú Cognac, ní ilẹ̀ Faransé. Bẹ́ẹ̀ náà ni 1724 ti Rémy Martin, àti 1765 ti Richard Hennessy, ọmọ Ireland. Ọjọ́ orí ilé iṣẹ́ nìyẹn.

Inú àgbá igi óákù ni cognac ti ń gbó. Igi yẹn ló ń fún un ní àwọ̀ àti òórùn, tí afẹ́fẹ́ sì ń gba ara rẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀. Tí wọ́n bá ti dà á sígò, ó parí. Ọtí tó lo ogún ọdún nínú àgbá, tó tún lo ọgbọ̀n nínú kọ́bọ́ọ̀dù yín, ọtí ogún ọdún náà ni.

Ọdún méjì ni kẹ́ ẹ máa wá: ọdún ìkórè àjàrà, àti ọdún tí wọ́n dà á sígò. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹta tó tẹ̀lé ìkórè ni sísè rẹ̀ nínú ìkòkò bàbà gbọ́dọ̀ parí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ni wọ́n ń ka ọjọ́ orí. Ìkórè 1990 tó wọ ìgò ní 2011, nǹkan bí ogún ọdún ni. Bí ọdún ìkórè kò bá sí níbẹ̀, àdàlù ọdún púpọ̀ ni. Ẹ ṣọ́ra fún XO àtijọ́ pàápàá, ìyẹn àmì tí wọ́n ń kọ sára cognac tó ti gbó dáadáa: kó tó di 2018, ọdún mẹ́fà ti tó fún ọtí tó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú àdàlù rẹ̀; mẹ́wàá ni wọ́n ń béèrè báyìí.

Èyí táwọn olùkójọ ń wá lójú méjèèjì ni ti ìkórè tó ṣáájú kí kòkòrò phylloxera tó run ọgbà àjàrà Charente, agbègbè tí ìlú Cognac wà, láàárín nǹkan bí 1870 sí 1890. Ó wọ́n gan-an, ayédèrú sì pọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ má tẹ́ ìgò sílẹ̀ o. Ọtí tó le tó 40% máa ń jẹ kọ́ọ̀kì, yóò sì máa jò. Ẹ gbé e dúró sínú òkùnkùn, níbi tí kò gbóná. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn rẹ̀, kẹ́ ẹ lẹ séló téèpù tín-ín-rín mọ́ ibi tí ọtí dé, kẹ́ ẹ kọ déètì sí i. Tó bá ti wálẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan, kọ́ọ̀kì ti ń rẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ wé ọrùn ìgò pinpin. Èyí tí ọtí rẹ̀ ti wà nísàlẹ̀ èjìká ìgò kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ fi sílẹ̀ fún ọlọ́jà.