Wọ́n kó ìdọ̀tí kúrò nínú odò, wọ́n tún ń da òkúta sí i

Ìbéèrè: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mitcham ni à ń gbé nílùú Lọ́ńdọ̀nù, odò Wandle kò sì jìnnà sí wa. Lọ́jọ́ Sunday, àwọn ará àdúgbò máa ń wọ inú rẹ̀, wọ́n á máa fa táyà àti tírọ́lì súpámákẹ́ẹ̀tì jáde láìgba kọ́bọ̀. Ìyẹn yé mi. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, mo rí i tí wọ́n ń da òkúta wẹ́wẹ́ sínú odò kan náà, wọ́n tún ń de ìtì igi mọ́ inú rẹ̀. Kí ló dé? Bó bá jẹ́ ẹja ni wọ́n ń fẹ́, ṣé kò ní yá jù kí wọ́n ra ẹja dà sí i? Àwọn ọmọ mi ní àwọn fẹ́ bá wọn lọ. — *Ìyá Ìbejì, Mitcham*

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun. Èmi náà máa ń bá wọn wọ odò yẹn, òkúta tí ẹ rí yẹn sì ni olórí iṣẹ́.

Abẹ́ òkúta ẹfun ní Carshalton àti Croydon ni Wandle ti ń sun, ó sì já sí Thames ní Wandsworth. Omi rẹ̀ mọ́ gaara, ó tutù kódà nígbà ooru. Irú odò bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ láyé, England ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà. Ilé ẹja kan tí wọ́n ń pè ní trout ni. Àmọ́ ọmọ aráyé lò ó nílòkulò. Ilé ọlọ tí agbára omi ń yí kún bèbè rẹ̀. William Morris, gbajúmọ̀ oníṣẹ́-ọnà aṣọ nì, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ aró ní Merton lọ́dún 1881, omi Wandle ló sì fi ń ṣan aṣọ. (Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ń ṣe àdìrẹ l'Abẹ́òkúta á mọ irú omi tí aláró ń wá.) Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1960, gọ́tà ẹ̀gbin ni wọ́n kà á sí, trout ti pòórá.

Nígbà òtútù, abo trout á fi ìrù gbẹ́ kòtò sáàárín òkúta wẹ́wẹ́, á yé ẹyin síbẹ̀, á fi òkúta bò ó. Ẹyin yẹn ń mí o. Omi tó ń gba àárín òkúta kọjá ló ń gbé atẹ́gùn wá fún un. Bí ẹrẹ̀ bá dí àlàfo wọ̀nyẹn, ẹyin kú nìyẹn. Ògiri tí wọ́n fi sé omi fún ọlọ ló sọ odò di aláìlágbára, tí ẹrẹ̀ fi ń rọ̀ sísàlẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń dá òkúta padà nìyẹn. Ìtì igi ní tirẹ̀ ń dín ọ̀nà omi kù, omi á sáré, á gbá ẹrẹ̀ lọ, ọmọ ẹja á sì rí ibi sá pamọ́ sí.

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ yí òkúta kan padà níbi tí omi ti ń sáré. Ẹ ó rí edé tíńtìntín tó ń fi ẹ̀gbẹ́ wẹ̀ kiri. Oúnjẹ trout nìyẹn. Ẹ wá tún wa ẹrẹ̀ níbi tí omi ti dákẹ́, aràn pupa lẹ máa bá níbẹ̀.

Ẹja tí a rà dà síbi tí kò ti lè yé ẹyin, ọdọọdún la ó máa rà á. Òfin ibẹ̀ náà kò gbà kéèyàn da ẹja sódò láìgba àṣẹ. Lóòótọ́, àwọn ọmọ ilé-ìwé ti tọ́ trout láti inú ẹyin ní kíláàsì wọn, wọ́n sì tú wọn sí Wandle. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ayọ̀ tèmi ni pé trout ti ń yé ẹyin fúnra wọn ní Carshalton.

Ohun kan ń bà mí lẹ́rù. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2007, kẹ́míkà ṣàn wọ odò náà láti ibi tí wọ́n ti ń fọ omi ẹ̀gbin, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹja sì kú. Ẹ bá mi bẹ Bàbá Ìbejì: ọ̀pọ̀ ihò gọ́tà ẹ̀bá títì ló já sódò tààrà. Kí wọ́n má da ọ́ìlì mọ́tò sí i.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ lọ, kí ẹ̀yin náà sì bá wọn lọ. Kí wọ́n dúró lórí bèbè, kí wọ́n máa gba ìdọ̀tí lọ́wọ́ àwọn àgbà. Ẹni tó bá ní egbò, kó fi pílásítà tí omi kì í wọ̀ bò ó, torí ìtọ̀ tí eku ń tọ̀ sínú omi ń fa àìsàn. Kí gbogbo yín fi ọṣẹ fọwọ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ.