Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ọkọ̀ Rọ́bà Kékeré Lórí Odò Tó Ń Ru

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín o. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta fẹ́ fi ọkọ̀ rọ́bà sọ̀ kalẹ̀ odò kan tó kún fún àpáta àti ìgbì, pẹ̀lú afinimọ̀nà tó mọ odò náà. Wọ́n ní kí a yàn nínú méjì: ọkọ̀ ńlá tí afinimọ̀nà nìkan yóò máa fi àjẹ̀ gígùn méjì wà, tàbí ọkọ̀ kékeré tí gbogbo wa yóò jọ máa wà. N kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìlúwẹ̀ẹ́. Èwo ló yẹ mí, kí sì ni afinimọ̀nà yóò máa retí lọ́wọ́ mi? — Ojo tó fẹ́ dán an wò

Ìdáhùn: Iṣẹ́ ló ya ọkọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ ju ìtóbi wọn lọ. Nínú ọkọ̀ ńlá tí afinimọ̀nà ń dá wà, èrò lásán ni yín. Ẹ ó di okùn mú, omi yóò sì máa ta sí yín lára. Nínú ọkọ̀ kékeré, ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni agbára tó ń gbé e rìn. Afinimọ̀nà yóò jókòó sí ẹ̀yìn, yóò máa fi àjẹ̀ tirẹ̀ yí ìdí ọkọ̀ sọ́tùn-ún sósì, ṣùgbọ́n bí ìrìn ọkọ̀ bá bá ti omi dọ́gba pátápátá, agbára káká ni ó fi lè darí rẹ̀, nítorí ibi tó bá wu omi ni omi yóò máa gbé e lọ. Ìdí nìyí tí ó fi máa ń pàṣẹ pé kí ẹ wà á síwájú ní ibi tí ọkàn yín ti ń sọ fún yín pé kí ẹ ju àjẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ di nǹkan mú. Àṣẹ rẹ̀ ni kí ẹ gbọ́, kì í ṣe ti ọkàn yín. Àjẹ̀ tó bá wà nínú omi tún máa ń fún ẹni tó dì í mú ní ohun tí yóò fara tì. Ẹni tó gbé tirẹ̀ sókè nítorí ẹ̀rù ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ ṣubú.

Ọkọ̀ tó gùn tó mítà 5 lè gun ìgbì kan kọjá láìjẹ́ pé àwọn tó wà nínú rẹ̀ mira púpọ̀, kí ìgbì kan náà sì dojú ọkọ̀ tí gígùn rẹ̀ kò ju mítà 3 àti ààbọ̀ lọ dé. Àmọ́ ọkọ̀ kékeré lè gba àárín àpáta tí ti ńlá kò lè gbà, omi díẹ̀ ló sì nílò láti léfòó. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìpele odò náà. Òṣùwọ̀n kan wà tí a ń lò káàkiri àgbáyé, láti ìpele 1, níbi tí omi ti ń ṣàn pẹ̀lú ìgbì kéékèèké, dé ìpele 6, tí ó léwu débi pé àwọn ọ̀jáfáfá pàápàá kì í sábà dán an wò. Bí odò yín bá jẹ́ ìpele 2 tàbí 3, tí omi rẹ̀ kò sì tutù nini, ọkọ̀ kékeré ni mo fara mọ́, nítorí ẹ ó kọ́ nǹkan níbẹ̀ tí èrò inú ọkọ̀ ńlá kì í kọ́. Bí ó bá ti di ìpele 4, ẹ wọ ọkọ̀ ńlá, kí ẹ fi ti kékeré sílẹ̀ di ìgbà mìíràn.

Ní ti ìlúwẹ̀ẹ́, ẹ má fi pamọ́ fún afinimọ̀nà. Ẹ̀wù amúniléfòó ni yóò gbé yín sókè nínú omi, bí ó bá há mọ́ yín lára dáadáa. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn di èjìká ẹ̀wù náà mú, kí ó fà á sókè pẹ̀lú agbára. Bí ó bá gòkè dé etí yín, okùn rẹ̀ kò tíì le tó. Akoto náà kò gbọdọ̀ máa yí lórí. Ẹ má wọ aṣọ òwú, nítorí tí ó bá ti mu omi, kì í tètè gbẹ, a sì máa fa ooru kúrò lára.

Kí ẹ tó kúrò ní èbúté, afinimọ̀nà yóò kọ́ yín ní àwọn àṣẹ díẹ̀: ẹ wà síwájú, ẹ wà sẹ́yìn, ẹ dúró, ẹ wọlé sínú ọkọ̀ kí ẹ di okùn mú. Àwọn méjì tó wà níwájú ni yóò máa fi ìwọ̀n lélẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn wọn yóò sì máa bá wọn gbé àjẹ̀ pọ̀ bí onílù tó ń tẹ̀ lé ìyáàlù. Etí ọkọ̀ ni ẹ ó jókòó sí, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí ẹ kì bọ abẹ́ ìjókòó rọ́bà tó wà níwájú yín. Ọwọ́ kan kò gbọdọ̀ kúrò ní orí àjẹ̀, níbi ìdábùú rẹ̀, nítorí ìdábùú yẹn ló máa ń gbá ẹnìkejì ẹni léyín.

Àṣẹ kan ṣòro ju ìyókù lọ. Bí omi bá gbé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lu àpáta, ara yóò fẹ́ sá fún àpáta náà, bẹ́ẹ̀ apá ibi tí omi ti ń bọ̀ ni ẹni tó bá sá yóò tẹ̀ wálẹ̀. Omi yóò gun apá yẹn, yóò tẹ̀ ẹ́ rì, ọkọ̀ yóò sì lẹ̀ mọ́ àpáta. Nítorí náà, ẹ fò sí ìhà àpáta, gbogbo yín lẹ́ẹ̀kan náà, kí afinimọ̀nà tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìbéèrè: Wọ́n ní bí mo bá ṣubú sínú odò, n kò gbọdọ̀ dìde dúró, bí omi náà kò tilẹ̀ ju ìbàdí mi lọ. Kí ló dé?

Ìdáhùn: Nítorí àlàfo tó wà láàárín àwọn àpáta nísàlẹ̀ odò ni. Ẹsẹ̀ lè há síbẹ̀, omi tó ń ti ẹ̀yìn bọ̀ yóò sì ti ara ṣubú síwájú, yóò tẹ orí rì, tí ẹni náà kò sì ní lè dìde mọ́. Omi tó dé ìbàdí ti tó láti ṣe èyí. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, kí ẹ na ẹsẹ̀ síwájú sí ìhà tí omi ń ṣàn lọ, kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ yọ lójú omi, kí ẹ máa fi ọwọ́ tu ara yín lọ sí etí odò. Bí ẹ bá dé ibi tí omi ti rọlẹ̀ tí kò sì tó orúnkún, ẹ lè dúró.

Igi tó wó sínú odò nìkan ni a kì í fi ẹsẹ̀ kọjú sí. Omi ń gba àárín ẹ̀ka rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n ènìyàn kò lè bá a gba ibẹ̀. Bí ẹ kò bá lè yà á, ẹ dojú bolẹ̀, ẹ lúwẹ̀ẹ́ sí i pẹ̀lú gbogbo agbára, kí ẹ sì gun orí rẹ̀.

Bí wọ́n bá ju àpò okùn sí yín, okùn ni kí ẹ dì mú, kì í ṣe àpò, nítorí okùn inú àpò ṣì lè máa tú jáde. Ẹ gbé e lé èjìká, kí ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe we é mọ́ ọwọ́ láéláé.

Ìbéèrè: Nínú ìrìn àjò wa, afinimọ̀nà ní kí gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀ níbì kan, kí a gba etí odò fi ẹsẹ̀ rìn, bẹ́ẹ̀ a ti san owó. Àwọn kan nínú wa ní ó rẹ́ wa jẹ.

Ìdáhùn: Kò rẹ́ yín jẹ. Lórí odò Zambezi ní gúúsù Áfíríkà, ní ìsàlẹ̀ ìtàkìtì omi Victoria, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ń sanwó wá gun ìgbì ìpele 5, síbẹ̀ bí wọ́n bá dé ibi kẹsàn-án tí omi ti ń ru, wọ́n máa ń sọ̀ kalẹ̀ rìn kọjá. Ní 1869, nígbà tí John Wesley Powell, aṣàwárí ilẹ̀ kan, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ọkọ̀ onígi sọ̀ kalẹ̀ odò Green àti Colorado ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n so okùn mọ́ ọkọ̀, tí wọ́n sì ń ti etí odò rọra sọ ọ́ kalẹ̀ kọjá ibi tó le.

Ìpele ibì kan náà sì lè yí padà bí òjò bá rọ̀ tàbí bí wọ́n bá ṣí ìdídò lókè odò. Omi tó pọ̀ sí i lè bo àpáta níbì kan kí ó mú un rọrùn, kí ó sì gbẹ́ kòtò tí ń yí ọkọ̀ po síbòmíràn. Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ bi afinimọ̀nà ní ìdí rẹ̀ kí ẹ tó padà wọ ọkọ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò na ọwọ́ sí ohun tó rí gan-an, yóò sì fi ọ̀nà tí ọkọ̀ yín ìbá gbà hàn yín.