Irú metronome wo ló yẹ onílù?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀bántòkó níbí ni mò ń gbé, èmi ni mò ń lu dúrọ́ọ̀mù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó ti lé lọ́dún méjì. Olórí kwáyà wa ń ráhùn pé mo máa ń sáré, wọ́n ní a máa bẹ̀rẹ̀ orin dáadáa, tó bá fi máa di kọ́ọ̀rọ́ọ̀sì ẹlẹ́ẹ̀kẹta a ti ń lé ara wa kiri. Wọ́n ní kí n lọ ra metronome, ẹ̀rọ tó máa ń dún lọ́gbọọgba kéèyàn lè mọ bí orin ṣe yẹ kó yára tó. Mo wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo rí onígi tó ń fì sọ́tùn-ún sósì, mo rí kékeré oníbátìrì, mo tún rí èyí tówó ẹ̀ bà mí lẹ́rù, ọ̀rẹ́ mi kan wá ní kí n kàn dáńlóòdù ẹ̀ sórí fóònù. Èwo ni kí n mú? Owó ọwọ́ mi ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ o.

Ìdáhùn: Àbúrò, mo kí ẹ. O ṣe dáadáa bó o ṣe béèrè kówó tó jáde lápò, torí ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ nílù l'Abẹ́òkúta níbí, mo sì ti rí èyí tó ra metronome olówó gọbọi, tó lò ó lẹ́ẹ̀mejì péré, tó wá tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò ya ọ̀lẹ rárá, kò gbọ́ ohùn ẹ̀ ni. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń tà, ẹni tó ń ta gìtá tàbí tó ń tẹ dùùrù nínú yàrá tó dákẹ́ ni wọ́n ṣe é fún. Àwa ńkọ́? Tó o bá ti gbá snare, ìlù tó wà níwájú ẹ gan-an, pọ̀ mọ́ crash, awo irin ńlá yẹn, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo tín-tín-tín tí nǹkan kékeré yẹn ń ké ti wọlẹ̀ lọ nìyẹn. Nítorí náà, kó o tó béèrè èló, kọ́kọ́ bi ara ẹ léèrè pé ṣé màá gbọ́ ọ tí mo bá ń lù bí mo ṣe ń lù lọ́jọ́ Sunday, ṣé mi ò sì ní fi etí mi dí i.

Onígi tó ń fì yẹn, jẹ́ ká tètè kúrò lórí ẹ̀. Nǹkan iyì ni o, ó ti pẹ́ láyé, Winkel ló ronú kan iṣẹ́ inú ẹ̀ ní Amsterdam ní 1814, Maelzel wá lọ gba ìwé àṣẹ ẹ̀ lórúkọ ara ẹ̀ ní 1815, Beethoven pàápàá fi kọ nọ́ńbà sí àwọn orin ẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ ní Ṣàpọ́n, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, orí tábìlì tẹ́sẹ̀ ẹ̀ kan kúrú ló wà, ló bá ń tiro, tí-ká, tíí-ká, tí-ká, torí pé àfi kó wà níbi tó tẹ́jú kí ìró ẹ̀ tó lè dọ́gba, a sì wà nídìí ẹ̀ tí a ń bá a tiro láìmọ̀. Yàtọ̀ síyẹn, kò níhò tó o lè ki íápíìsì sí. Fi í sílẹ̀ fáwọn onídùùrù.

Fóònù ọwọ́ ẹ yẹn ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé olórí kwáyà ní kó o lọ ra, ṣùgbọ́n má tíì ná kọ́bọ̀ títí wàá fi lo ti fóònù fún oṣù kan ó kéré tán, ìgbà yẹn lo máa mọ ohun tó o nílò gan-an. Pro Metronome wà, Soundbrenner wà, Metronome Beats náà wà, kò sí èyí tí kò ní ti ọ̀fẹ́ nínú wọn. Tó o bá ti dáńlóòdù ẹ̀ tán, fi fóònù sí flight mode kó o tó jókòó sídìí ìlù, torí tí ìpè bá wọlé ó máa gé kílíìkì, ìyẹn ìró metronome, mọ́ ẹ lọ́wọ́, ìpolówó náà ò sì ní máa yọ ẹ́ lẹ́nu, kò ṣáà nílò dátà kó tó ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà tó o máa rí níbẹ̀, BPM, iye ìgbà tó máa dún láàárín ìṣẹ́jú kan ni: tó o bá fi í sí 60, ẹ̀ẹ̀kan ni láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, tó bá jẹ́ 120, ẹ̀ẹ̀mejì. Tí fóònù ẹ bá ti gbó tó ń há, fi í sí 60 kó o jókòó tì í pẹ̀lú agogo tó lọ́wọ́ sẹ́kọ́ńdì fún ìṣẹ́jú méjì, tí wọ́n bá ya ara wọn, ya fóònù ẹlòmíràn lò.

Íápíìsì tó o máa fi gbọ́ ọ ńkọ́? Oníwáyà ni kó o lò. Mo mọ̀ pé Bluetooth ló wà níta báyìí, òótọ́ ibẹ̀ sì ni pé tó bá jẹ́ ìwọ nìkan lò ń práktíìsì, kò fi bẹ́ẹ̀ pa ẹ́ lára, torí bí kílíìkì ṣe pẹ́ tó kó tó détí ẹ náà ni gbogbo wọn ṣe pẹ́, ohun tó o gbọ́ lo sì ń lù tẹ̀ lé. Ìjọ̀ngbọ̀n ẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí onídùùrù bá ń gbọ́ kílíìkì kan náà látinú wáyà tí tìẹ ń gba Bluetooth bọ̀, tàbí tí wọ́n bá ń ká yín sílẹ̀. Ìdádúró yẹn lè tó ìdá kan nínú márùn-ún sẹ́kọ́ńdì lára àwọn kan, ní témpò (ìyára orin) 120 tí kílíìkì kan sí èkejì jẹ́ ìdajì sẹ́kọ́ńdì, o rí i pé o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́ sáàárín kílíìkì méjì nìyẹn. Íápíìsì Bluetooth mìíràn tún máa ń sùn tí ìró bá dákẹ́ díẹ̀, tó bá fi máa jí ó ti gbé orí kílíìkì mì. Wáyà kì í ṣe gbogbo ìyẹn.

Ibi tí mo fẹ́ kó o ti fara balẹ̀ jù lọ nìyí, etí ẹ. Dúrọ́ọ̀mù tó o jókòó tì yẹn máa ń kọjá 100 decibel (òṣùwọ̀n ariwo) létí ẹni tó ń lù ú láìṣe wàhálà kankan. NIOSH tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà sọ pé 85 ni èèyàn lè gbà fún wákàtí 8 lóòjọ́, tó bá fi 3 lé sí i, kí àkókò náà dín sí ìdajì, ìyẹn ni pé ní 100, ìṣẹ́jú 15 péré ló kù. Wá fi íápíìsì lásán sétí láàárín irú ariwo bẹ́ẹ̀ kó o fẹ́ gbọ́ kílíìkì, kí lo máa ṣe? O máa gbé vólúùmù ga ju ìlù lọ ni. Ohun témi ṣe nìyẹn. Ọdún kan tí a ń múra láti lọ ká orin sílẹ̀, ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ lálaalẹ́, etí mi á máa hó ṣíí títí mo máa fi sùn, mo rò pé ó rẹ̀ mí ni. Títí dòní, ohùn ṣaworo kékeré ò dé etí mi ọ̀tún dáadáa mọ́. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí mo kọ́ níṣẹ́ fojú rí i.

Àtúnṣe ẹ̀ ò wọ́n rárá. Lọ síbi tí wọ́n ti ń ta irinṣẹ́ àwọn tó ń gé irin, tó ń gé táìlì, ra ìbòtí ńlá tí wọ́n máa ń dé sórí yẹn. Ki íápíìsì wọ etí, kó o wá dé ìbòtí lé e. Gbogbo ariwo ìlù á rọlẹ̀, wàá wá máa gbọ́ kílíìkì ketekete ní vólúùmù tí kò tó nǹkan. Tó ò bá rí i rà lọ́sẹ̀ yìí, fi aṣọ inura bo snare àti tom, lu ìyẹn ná, àwọn ará ilé náà á dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ.

Ó ku ọ̀rọ̀ orin tiwa. Bó o bá ṣí áàpù wọ̀nyí, 4/4, ìyẹn kíkà mẹ́rin-mẹ́rin, ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé fún ẹ, tó o bá ní kó pín kílíìkì sí wẹ́wẹ́, méjì-méjì ló máa pín in. Ìyẹn dáa fún highlife àti reggae. Àmọ́ wọ́ọ̀rọ̀ tá a máa ń fi yin Olúwa, mẹ́ta-mẹ́ta ló ń rìn, ìlù agogo tá a máa ń fi ẹnu pè ní kóńkóló pàápàá, ìṣísẹ̀ kéékèèké 12 ló wà nínú ẹ̀ kó tó yí padà. Tó o bá gbé kílíìkì méjì-méjì sábẹ́ ẹ̀, wọ́n á máa bá ara wọn jà, wàá wá máa rò pé metronome ò bá orin Yorùbá mu. Ó bá a mu o. Wá ibi tí wọ́n kọ triplet tàbí 12/8 sí, ìyẹn ìpín mẹ́ta-mẹ́ta, kó o fi í síbẹ̀. Nítorí náà èyíkéyìí tó o bá fẹ́ fowó rà lọ́la, wò ó bóyá ó lè pín mẹ́ta-mẹ́ta, tí kò bá lè ṣe é, gbé e padà fún wọn.

Ṣé o ti rí àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ ń gúnyán nínú odó kan rí? Ọmọ odó mẹ́ta, ìkankan kì í kan èkejì, kò sì sẹ́ni tó ń ka ení èjì fún wọn. Àlàfo tó wà láàárín kóówá ni wọ́n mọ̀. Ohun tí mò ń wá lára metronome fún onílù nìyẹn, kó lè dákẹ́. Kílíìkì tí kì í dákẹ́, ṣe lo máa fara tì í, tó o bá ti sáré díẹ̀ ó fà ẹ́ padà, o ò ní mọ̀ pé o sáré rárá, lọ́jọ́ Sunday tí kò bá sí níbẹ̀ wàá tún padà síbi tó o wà. Nítorí náà wá èyí tó lè dún fún bar méjì (nínú 4/4, ení mẹ́rin ni bar kan) kó panu mọ́ fún bar méjì, ìwọ á ṣì máa lù lọ, nígbà tó bá padà dún ṣé o ṣì wà lórí ẹ̀ tàbí o ti ṣíwájú? Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó máa dùn ẹ́. Má bínú sí i, ìyẹn nìkan ló lè sọ òótọ́ fún ẹ. Tí ti fóònù ẹ ò bá ní irú ẹ̀, pín témpò sí méjì: orin tó jẹ́ 100, fi metronome sí 50, kó o wá jẹ́ kí kílíìkì máa bọ́ sórí ení kejì àti ìkẹrin níbi tí snare wà. Àlàfo yẹn máa gùn, ìwọ lo máa dì í mú.

Lẹ́yìn oṣù kan, tówó bá wá wà, ṣùgbọ́n tí kò pọ̀, Korg MA-2 tó. Bátìrì kéékèèké ló ń lò, ó níhò íápíìsì, tí iná bá lọ kò kàn án. Ìhò íápíìsì yẹn ni kó o kọ́kọ́ wò lára èyíkéyìí tí wọ́n bá mú wá fún ẹ, àwọn olówó pọ́ọ́kú kan wà tí ò ní in, wọn ò wúlò fún wa. Èyí tówó ẹ̀ bà ẹ́ lẹ́rù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Boss DB-90 tàbí Tama Rhythm Watch lo rí. Èyí Tama, onílù gan-an ni wọ́n ṣe é fún, ó ní bọ́tìnnì ńlá tó o lè yí tí igi ìlù bá ṣì wà lọ́wọ́ ẹ, o sì lè so ó mọ́ ìdúró hi-hat, awo irin méjì tá a máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Boss ní ìdákẹ́ tí mò ń sọ yẹn nínú, wọ́n ti ṣe é mọ́ ọn. Ohun dáadáa ni wọ́n méjèèjì, mò ń lo ọ̀kan níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi ìlù jẹun ló yẹ kó náwó yẹn sí i, ìwọ ò tíì débẹ̀. Mo gbà ẹ́ nímọ̀ràn kó o fowó yẹn ra ìbòtí àti awọ snare tuntun. Tó o bá máa rà á lálòkù, yálà ní Alábà tàbí níbi táwọn kan ti ń tà á l'Abẹ́òkúta níbí, mú íápíìsì tìẹ dání, ki í bọ ihò ẹ̀, mi wáyà ẹ̀ díẹ̀, ihò yẹn ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́.

Ohun kan tún wà nínú ìbéèrè ẹ tí mi ò fẹ́ fò. O ní ẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ dáadáa. A jẹ́ pé eré yẹn ní ibi tó ti ń wọlé. Gbé fóònù kejì sílẹ̀ lọ́jọ́ rìháásà kó ká yín, kó o wá fi metronome tẹ̀ lé e nílé, láti ìbẹ̀rẹ̀. Níbi tí kílíìkì àti ìlù ẹ bá ti ya ara wọn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ fún ẹ pé ẹ̀yìn róòlù ni, ìyẹn ìlù kíkankíkan tá a fi ń so apá orin kan mọ́ òmíràn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti máa ń sáré, ara máa yá, róòlù tó yẹ kó gba ení mẹ́rin á gba mẹ́ta àti díẹ̀, ìlù tuntun á wá gbéra látibi tí ìyẹn já sí. Mú róòlù yẹn nìkan, fi kílíìkì sí 60, lu bar mẹ́ta lásán, fi róòlù sí ìkẹrin, kó o tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó bá já sórí kílíìkì ní ìgbà mẹ́wàá tẹ̀ léra ni kó o tó fi 4 kún un. Lọ́jọ́ Sunday, má jẹ́ kí kílíìkì wà létí ẹ tí orin bá ti ń lọ. Kọ nọ́ńbà témpò orin kọ̀ọ̀kan sórí pépà, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tójú ẹ ti lè rí i, gbọ́ kílíìkì ẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ kí olórí kwáyà tó gbé orin, kó o yọ íápíìsì, kó o sì máa lù.