Abẹ́òkúta ní ọjọ́ kan: ẹ kọ́kọ́ mú aago tí ẹ máa padà

Ẹ ní ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín fẹ́ gbéra ní Ìkẹjà lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹ lọ Abẹ́òkúta, kí ẹ gun Òkè Olúmọ, kí ẹ ra adìrẹ ní Ìtòkú, kí ẹ wo ààfin Aké, kí ẹ yà sí ilé ìkàwé Ọbásanjọ́, kí ẹ jẹ ọ̀fàdà, kí ẹ sì ti dé ilé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ béèrè bóyá ó ṣeé ṣe, àti bóyá kí ẹ gbé mọ́tò ọ̀rẹ́ yín lọ. Gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ kò ṣeé ṣe. Méjì nínú ẹ̀ àti oúnjẹ ṣeé ṣe, ẹ ó sì gbádùn ara yín. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ dàgbà ní Muṣin ti ń lọ ìlú yẹn ọjọ́ ti pẹ́. Nígbà mìíràn, aṣọ tí òun fẹ́ lọ kó wá tà ni. Nígbà mìíràn, Èkó ló sú wa. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe.

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ fẹnu kò lé lórí kì í ṣe ibi tí ẹ ó lọ. Aago tí ẹ máa kúrò ní Abẹ́òkúta ni. Ẹ mú un, kí ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ síra yín lórí WhatsApp, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun ò gbọ́. Ohun tó ń ba ìrìn àlọ-àbọ̀ jẹ́, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ló máa ń ṣẹlẹ̀. Láàárọ̀, ara yá, owó wà lápò, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu. Tó bá wá di aago mẹ́rin, ọ̀kan ti rẹ̀, ọ̀kan ṣì ń ná aṣọ, fóònù ti fẹ́ kú, oòrùn ti na gbogbo yín. Ibẹ̀ lẹnì kan á ti sọ pé "ṣebí ìwọ lo ní ká wá", tí ẹ̀yin méjèèjì á sì dákẹ́ títí dé Bẹ́jà. Tí ẹ bá ti fohùn ṣọ̀kan lórí aago láti ilé, kò sẹ́ni tó máa jọ pé òun ló ń lé ẹnì kejì.

Tó bá jẹ́ ojú títì lẹ gbà lọ, èmi kì í jẹ́ kí ó kọjá aago mẹ́rin kí n tó dé gáréèjì Kútọ̀. Bí ó bá ti ń lọ sí aago mẹ́fà, mọ́tò Èkó á dín kù, owó á gùn, ẹ ó sì jókòó nínú bọ́ọ̀sì tí kò tíì kún fún wákàtí kan gbáko. Òru ò dára lójú ọ̀nà yẹn, kò sí ìdí tí ẹ ó fi fi ẹ̀mí yín ta tẹ́tẹ́ nítorí adìrẹ.

Ẹ bá mi ro ti ọkọ̀ ojú irin wò dáadáa. Reluwé tuntun tó ń ti Èkó lọ Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí fún èrò ní 2021, ń dúró ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìkẹjà, ibùdókọ̀ Agége ni kí ẹ ti wọ̀ ọ́, kò sí ohun tó ń gbé yín lọ sí Alágómejì tí reluwé ti ń gbéra. Wákàtí kan àti díẹ̀ ni, ẹ ti dé. Kò sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kò sí awakọ̀ tó ń pariwo pé ó ku ẹyọ kan nígbà tí àyè mẹ́rin ṣì ṣófo. Àmọ́ kì í ṣe àárín ìlú ló máa já yín sí. Ládérìn ni, ní ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ, ẹ ṣì máa wọ takisí wọ ìlú. Ẹ fi owó àti àkókò yẹn sínú ìṣirò, ní àlọ àti ní àbọ̀. Ìpadàbọ̀ ní ti reluwé, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa mú aago. Èyí tó ń ti Ìbàdàn bọ̀ ló máa mú un fún yín. Èyí wù mí gan-an, torí kò sí àríyànjiyàn pẹ̀lú reluwé. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti ti àbọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Sátidé máa ń kún. Ẹ sì yẹ aago tí wọ́n ń lò lọ́wọ́ wò kí ọjọ́ tó pé, wọ́n máa ń yí i. Káàdì ìdánimọ̀ yín, ẹ mú un dání.

Ní báyìí, ibi tí ẹ ó lọ. Mo ní òfin kan tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń lò: olúkúlùkù mú ẹyọ kan. Ohun kan tó jẹ́ pé tí òun ò bá ṣe é, inú òun ò ní dùn sí ìrìn náà. Ẹ̀yin méjèèjì, ohun méjì, ó parí. Yòókù jẹ́ ẹ̀bùn tí àyè bá ṣẹ́ kù. Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rẹ́ tó ń sọ pé "ibi tó bá ti wù ẹ́". Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí, àmọ́ ẹni tó ń sọ ọ́ ní ibi tó fẹ́ lọ nínú lọ́hùn-ún, ìgbà tí ẹ bá ń padà bọ̀ lẹ máa tó mọ̀ ọ́n. Ẹ tẹ̀ ẹ́ nínú títí á fi dárúkọ ibi kan.

Bí mo ṣe ka ìbéèrè yín, Olúmọ ni tiyín, Ìtòkú ni ti ọ̀rẹ́ yín. Ó bọ́ sí i dáadáa, torí wọn ò jìnnà síra wọn.

Olúmọ ni kí ó ṣáájú. Oòrùn ni ìdí. Tó bá fi máa di ọ̀sán, òkúta yẹn á ti gbóná débi pé ẹ ò ní lè fọwọ́ lé e, bẹ́ẹ̀ ẹ ó nílò ọwọ́ láti fi di ara yín mú níbi kan níbẹ̀. Mítà 137 tí wọ́n máa ń kọ síbi gbogbo, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Láti ojú òkun ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, ìlú fúnra rẹ̀ sì ti wà lórí òkè tẹ́lẹ̀. Ẹ ò ní gùn tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà méjì ló wà: àtẹ̀gùn tí wọ́n kọ́, àti ọ̀nà àtijọ́ tó gba àárín òkúta. Lífíìtì náà wà, àtúnṣe tí wọ́n ṣe parí ní 2006 ló gbé e dé, àmọ́ ẹ má fi lífíìtì ṣe ètò ní orílẹ̀-èdè tí a ò mọ ìgbà tí iná ń lọ. Tí orúnkún ẹnì kan bá ń dùn ún, ẹ jọ sọ ọ́ kí ẹ tó kúrò nílé. Ọ̀rẹ́ mi kì í gòkè tán mọ́. Ó máa ń dé ibi ihò òkúta, á jókòó, èmi á gòkè lọ bọ̀. Kò bí ẹnikẹ́ni nínú.

Ẹ gba afinimọ̀nà. Àwọn kan máa ń rò pé owó tí wọ́n ń fi ṣòfò ni, wọ́n á gun òkúta, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sọ̀kalẹ̀, wọ́n á ní òkúta lásán ni. Láìsí ẹni tó ń sọ ọ́ fún yín, ẹ ò ní mọ̀ pé yàrá ni ibi tí ẹ dúró sí, pé inú ihò kéékèèké tó wà lára òkúta yẹn ni àwọn obìnrin ti ń lọ ata nígbà tí ogun lé wọn wọ abẹ́ rẹ̀. 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ ibẹ̀ dó, Ṣódẹkẹ́ ló ṣáájú wọn. Ogun Dáhòmì sì wá bá wọn nílùú yìí ní 1851, ó tún padà wá ní 1864, kò rí ìlú kó. Tí wọ́n bá sọ ìyẹn fún yín lábẹ́ òkúta gan-an, orí yín á wú. Ẹ béèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ lé e, kí ẹ sì béèrè bóyá owó ẹnu ọ̀nà ti kó o mọ́ra.

Ojúbọ wà níbẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan ìlẹ̀kùn. Ẹ máa rí àwọn ìyá àgbà tó ń gbé lórí òkúta. Ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, ẹ gba ìyọ̀ǹda kí ẹ tó gbé fóònù sókè, kí ẹ sì ní náírà díẹ̀ lọ́wọ́ fún wọn. Ó máa ń bí mi nínú tí mo bá rí ọmọ Yorùbá tó na fóònù sí ojú ìyá tó tó bí ìyá-ìyá rẹ̀ láìkí i.

Lókè, ẹ máa rí Odò Ògùn, ẹ máa rí pàánù tó ti dípẹtà lọ rẹrẹẹrẹ. Lásìkò ọyẹ́, ikùukùu eruku máa ń bo ojú ọ̀run, ẹ ò ní rí nǹkan jìnnà. Lẹ́yìn òjò ńlá ni ojú máa ń ríran jù, àmọ́ ìgbà yẹn gan-an ni òkúta ń yọ̀. Bàtà tó dì mọ́ ẹsẹ̀ ni kí ẹ wọ̀. Sílípáàsì, rárá.

Ìtòkú wá. Ibẹ̀ ni àkókò ti ń sọnù, torí ẹni tó wọ ọjà adìrẹ láìmọ ohun tó ń wá, gbogbo ẹ̀ ló máa fẹ́ rà. Kí ọ̀rẹ́ yín pinnu ní ilé: ti aró àtijọ́ ni àbí kàm̀pálà aláràbarà? Ti ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n fi láfún ya àwòrán sí kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, kì í ṣe gbogbo ìsọ̀ ló ní in, owó rẹ̀ sì ju ti kàm̀pálà lọ. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí ilé iṣẹ́ fi ẹ̀rọ tẹ̀, tó kàn fara jọ adìrẹ. Ẹ yí ẹ̀yìn aṣọ wò. Èyí tí wọ́n fọwọ́ rẹ, àwọ̀ rẹ̀ wọ inú dé ẹ̀yìn. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń funfun. Tún fi hankaṣíìfù funfun tó tutù díẹ̀ nu etí rẹ̀. Tó bá kun hankaṣíìfù, ó máa ṣí, á sì ba aṣọ mìíràn jẹ́ nínú báfù. Oníṣòwò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ò ní bínú sí yín. Ẹni tó bá bínú, ẹ kọjá. Ẹ béèrè iye yáàdì tó wà nínú ẹyọ kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an, torí ìdì méjì tí iye wọn dọ́gba lè má gùn bákan náà.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa ná an. Tí ẹ̀yin méjèèjì bá ń sọ̀rọ̀, tí ọ̀kan bá ti sọ pé "áà, èyí mà rẹwà o", ìdúnàádúrà ti bàjẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ti dá mi lẹ́kun rẹ̀: tó bá ń ná aṣọ, èmi á lọ dúró nídìí ẹni tó ń ta ẹlẹ́rìndòdò. Àti owó: ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gba tiráńsífà, àmọ́ ẹ ò ní kúrò níwájú ìsọ̀ títí alẹ́ẹ̀tì á fi wọlé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì lè sọ ìyẹn di ìdajì wákàtí. Ẹ mú owó pépà dání. Ọjọ́ Àìkú, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ kì í ṣí, nítorí náà Sátidé tí ẹ mú dáa.

Aké ò jìnnà sí Ìtòkú. Tí àyè bá wà, ẹ fi ìṣẹ́jú díẹ̀ wo ìta ààfin àti ṣọ́ọ̀ṣì Pítérù Mímọ́. Aké ni Townsend, òyìnbó míṣọ́nnárì, gbé, òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn, ìwé ìròyìn èdè Yorùbá, jáde ní 1859. Ilé ìkàwé Ọbásanjọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn. Ibẹ̀ tóbi, ẹranko wà, mùsíọ́mù wà, ìdajì ọjọ́ ló ń gbà tí ẹ bá fẹ́ rí i dáadáa. Ẹ máa kó ọmọ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Oúnjẹ: kí ẹ jẹun lẹ́yìn Olúmọ, kí ẹ tó wọ Ìtòkú, torí ebi kì í jẹ́ kéèyàn ná ọjà dáadáa. Ọ̀fàdà dáa, mi ò ní bá yín jà. Àmọ́ ẹ dé ìlú Ẹ̀gbá, ẹ ò jẹ láfún? Ọ̀fàdà wà ní Ìkẹjà. Láfún funfun tó gbóná pẹ̀lú ewédú àti ẹja, ní búkà tí èrò ti ń tò, ìyẹn ni kí ẹ wá.

Ti owó láàárín yín: ẹ dá iye kan náà sínú àpò kan láàárọ̀, kí ẹnì kan mú un. Ọkọ̀, ẹnu ọ̀nà, afinimọ̀nà, oúnjẹ, inú ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jáde. Aṣọ tí oníkálukú rà, àpò ara rẹ̀. Tó bá ṣẹ́ kù, ẹ pín in nínú ọkọ̀. Èyí tó ń jẹ́ "san èyí ná, màá san èyí tó kàn" ló ń bí ìkùnsínú, torí èyí tó kàn kì í tó ti àkọ́kọ́.

Ní ti mọ́tò ọ̀rẹ́ yín, mi ò bá gbé e. Ẹni tó wakọ̀ lọ, tó gun òkúta, tó tún máa wakọ̀ bọ̀, kò sinmi lọ́jọ́ yẹn, kò sì ní sọ ọ́ fún yín. Níbi tí adìrẹ wà, ibi ìgbọ́kọ̀sí ṣọ̀wọ́n. Tí ẹ bá sì ta kú pé ẹ ó gbé e, ẹ gba Bẹ́jà lọ sí Sàgámù, kí ẹ yà níbẹ̀. Ọ̀nà Sàǹgó kúrú lórí máàpù, àmọ́ kòtò rẹ̀ máa gba gbogbo ohun tí ẹ rò pé ẹ jèrè. Ọ̀nà Sàgámù náà ní tirẹ̀: ó gba iwájú Káàmpù Rídíìmù, Fráídè àkọ́kọ́ nínú oṣù sì ni ìsìn ńlá wọn. Ẹ wo kàlẹ́ńdà. Tó bá jẹ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e lẹ mú, ẹ sún un sí ọ̀sẹ̀ kejì, tàbí kí ẹ lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì ní Agége.