Ta ló di ọkọ́ mú nínú “Ilẹ̀ ògẹ́rẹ́, afọkọ́yẹrí”?

Ọmọ mi, ìbéèrè rẹ lórí oríkì ilẹ̀ yìí dára, àlàyé tí wọ́n ṣe fún ọ ni kò dára. O ní o gbọ́ lórí rédíò pé “ilẹ̀ ògẹ́rẹ́” ni ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí kì í mira. Pé “afọkọ́yẹrí” kò ju pé àgbẹ̀ ń fi ọkọ́ ro ó. Pé ìdí nìyẹn tí ìsàlẹ̀ òkun fi tẹ́jú bí ìdí abọ́, torí pé ọkọ́ àgbẹ̀ kò dé ibẹ̀. Èmi náà gbọ́ ètò yẹn. Ìsọ̀ ẹni tó ń bá mi tún bàtà ṣe ní Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́, ni mo jókòó sí, ara mi ò sì gbà á. Lẹ́ẹ̀kan náà, ọkùnrin orí rédíò yẹn ṣi èdè túmọ̀, ó tún ṣi ilẹ̀ ayé mọ̀.

Ká kọ́kọ́ mú èdè. A-fi-ọkọ́-yẹ-orí: ẹni tó ń fi ọkọ́ tún orí ṣe. Ta ni “a” yẹn? Apẹja ló ń pa ẹja, akéwì ló ń ké ewì. Ilẹ̀ là ń kì, ilẹ̀ ló ni orí, ilẹ̀ náà ló di ọkọ́ mú. Kò sí àgbẹ̀ kankan nínú oríkì yìí. Ní ti “ògẹ́rẹ́”, èrò tèmi nìyí, n kò sì ní yẹsẹ̀ lórí rẹ̀: ìdílé kan náà ni òun àti “gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́”. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ibi tí ilẹ̀ ti ń dà sísàlẹ̀, tí ẹsẹ̀ kì í fi í dúró. Ilẹ̀ tó ń yọ̀ ni wọ́n ń kì, kì í ṣe ilẹ̀ tó sùn.

Bàbá mi ní oko kan lọ́nà Ìlọrin, ibi tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí ipadò. Bí a bá kọ ebè tán tí òjò àkọ́rọ̀ sì rọ̀, wọn a mú mi lọ wo ebè láàárọ̀ ọjọ́ kejì. A máa ń rí ebè tó ti sán, tí apá kan rẹ̀ ti yọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀, tí ojú ibi tó ti yọ̀ ń dán bí ìgbà tí wọ́n fi ọwọ́ rá a. Bàbá á fi ìka kan ojú dídán yẹn, wọn á ní, “Ògẹ́rẹ́ ti yẹrí.” Wọn kì í sọ pé òjò ba ebè jẹ́. Ilẹ̀ ló tún orí ara rẹ̀ ṣe.

Wá wo ìsàlẹ̀ òkun báyìí. Òkè kan wà níbẹ̀ tó gùn tó nǹkan bí 65,000 kìlómítà, tó yí ayé po bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Lórí òkè yìí ni èèpo ayé ti ń ya, tí abala kan ń lọ síhìn-ín, tí èkejì ń lọ sọ́hùn-ún. Láàrin Òkun Àtìláńtíìkì, ìyapa náà kò ju nǹkan bí 2.5 sẹ̀ǹtímítà lọ́dún. Àpáta tó ti yọ́ a máa ru sókè láti dí àlàfo yẹn, ṣùgbọ́n níbi tí ilẹ̀ bá ti ń lọ́ra ya, àpáta yíyọ́ kì í tó. Èèpo ilẹ̀ á fà títí, bí kò bá lè fà mọ́, á sán. Ègé kan á yọ̀ gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, sí ọ̀nà àárín. Òmíràn á tún sán. Títí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á fi dà bí àtẹ̀gùn, tí àfonífojì tó jìn tó kìlómítà kan sí mẹ́ta á wà láàrin wọn. Bí ilẹ̀ sì ṣe ń ya lọ, àwọn ègé yìí á máa bá a lọ, wọn á tò ní ìlà-ìlà: ebè àti poro tó jẹ́ àlàfo àárín ebè, ebè àti poro. Gíga wọn sábà máa ń wà láàrin 50 mítà sí 300. Kò sí irú òkè tó pọ̀ tó wọn nínú gbogbo ayé. Lóòótọ́ ibi tó tẹ́jú wà nínú òkun, pàápàá nítòsí ilẹ̀ gbígbẹ, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ló bo ebè mọ́lẹ̀ níbẹ̀.

Ní ìlà-oòrùn Òkun Pàsífíìkì, ilẹ̀ ń yára ya, ó lè ju 10 sẹ̀ǹtímítà lọ lọ́dún. Àpáta yíyọ́ pọ̀ níbẹ̀, ebè kéékèèké ló ń kọ.

Àtìláńtíìkì ni kí o jẹ́ ká padà sí. Nígbà mìíràn níbẹ̀, ojú ìsán kan ṣoṣo á máa yọ̀ fún mílíọ̀nù ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àpáta ìsàlẹ̀ á máa yọ jáde lábẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á tẹ̀, á wú bí ẹ̀yìn ahun, títí ohun tó wà nínú jíjìn á fi fojú kan omi. Òkè tí wọ́n ń pè ní Atlantis Massif jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Lára ẹ̀yìn rẹ̀, ìlà gbọọrọ-gbọọrọ wà, gbogbo wọ́n kọjú sí ọ̀nà kan náà, ọ̀nà tí ilẹ̀ gbà yọ̀, bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òòyà yà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí àwòrán yẹn, mo dìde lórí àga. N kò sọ pé àwọn àgbà wa rì wọ inú òkun lọ wò ó. Wọ́n wo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn dáadáa, ìwà kan náà ni ilẹ̀ sì ń hù níbi gbogbo.

Pé kì í mira kọ́? Marie Tharp, obìnrin ará Amẹ́ríkà, ló rí àfonífojì àárín òkun yẹn ní 1952 níbi tó ti ń ya àwòrán ìsàlẹ̀ òkun. Bruce Heezen tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kọ́kọ́ dà á nù pé ọ̀rọ̀ obìnrin lásán ni. Ìgbà tí wọ́n to àwọn ibi tí ilẹ̀ ti ń mì lábẹ́ òkun sórí àwòrán, inú àfonífojì yẹn gan-an ni wọ́n bọ́ sí. Ní oṣù kẹjọ 2016, ìsẹ̀lẹ̀ tí agbára rẹ̀ tó 7.1 ṣẹlẹ̀ níbi ìsán Romanche, láàrin Bùràsíìlì àti Áfíríkà. Ẹ̀gbẹ́ ni tibẹ̀ ń yọ̀ sí, kì í ṣe ìsàlẹ̀, yíyọ̀ náà ni ṣá.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹni tó gbé gbohùngbohùn dání ni kò mọ̀. Mo bi ọ̀dọ́ mẹ́ta ládùúgbò mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí pé kí ni poro. Ọ̀kan ní oúnjẹ ni. Ìlú tó jẹ́ pé iṣu la fi tọ́ wọn dàgbà! Bí ebè bá ti di àjèjì sí ọmọ, báwo ni oríkì ilẹ̀ ṣe máa yé e?

“Alápò ìkà”, oríkì ilẹ̀ mìíràn tí o tún béèrè, ó dọjọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n má kọ “afọkọ̀yẹrí” mọ́, bí o ṣe kọ ọ́ nínú ìbéèrè rẹ. Ọkọ̀ ni èyí tí à ń wọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Ọkọ́ ni tibí yìí, ohùn òkè ló wà lórí “ọ” tó gbẹ̀yìn.